Iṣan Kì í Dàgbà Lóru Kan

 Ọ̀rọ̀ tí mo mú tọ̀ yín wá lónìí kan àwọn ọmọ ilé-ìwé, lọ́kùnrin àti lóbìnrin. Ó kan àwọn òbí pẹ̀lú, nítorí pé àwọn ni yóò sanwó ìwòsàn bí ọmọ bá fi ìkánjú ba ara rẹ̀ jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí á fojú inú wo ọmọkùnrin kan, ẹni ọdún 17, tí ara rẹ̀ rí tín-ín-rín. Igi ìṣáná ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Bí wọ́n bá ń pín ara wọn láti gbá bọ́ọ̀lù, òun ni wọ́n máa ń mú kẹ́yìn. Ní ọjọ́ kan, ó pinnu pé òun yóò máa gbé irin kí òun lè sanra, kí òun sì lágbára. Ó gbé irin náà fún ọ̀sẹ̀ 2, gbogbo ara ń ro ó, kò lè gbé apá sókè láti ya irun orí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó gun orí òṣùwọ̀n, ó sì rí i pé ìwọ̀n òun kò kúrò níbi tí ó wà tẹ́lẹ̀.

Kí ni ọmọ yìí yóò ṣe? Ó lè sọ irin náà nù. Ó lè lọ bá àwọn tí ń ta oògùn tí wọ́n ní í máa ń mú ènìyàn sanra kíákíá. Ó sì lè fi sùúrù tẹ̀síwájú. Èyí tí yóò yàn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lọ́wọ́ ohun kan: ṣé ẹnikẹ́ni ti sọ fún un iye tí ara ènìyàn lè fi pọ̀ sí i láàárín oṣù kan? Bí ẹnikẹ́ni kò bá tíì sọ ọ́ fún un, ẹ jẹ́ kí á bi ìtàn léèrè, nítorí pé ó ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń wá ìdáhùn ọ̀rọ̀ yìí.

Ìlú kan wà ní apá gúúsù ilẹ̀ Ítálì tí àwọn ará Gíríìsì tẹ̀ dó, Kroton ni orúkọ rẹ̀. Ní nǹkan bí 2,500 ọdún sẹ́yìn, oníjàkadì kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Milo. Ìgbà 6 ni ó gba adé ìjàkadì ní Olympia, ẹ̀ẹ̀kan ní kékeré, ìgbà 5 nígbà tí ó ti dàgbà. Àwọn ará àtijọ́ máa ń pìtàn pé nígbà tí Milo wà ní ọ̀dọ́, ó gbé ọmọ màlúù kan lé èjìká, ó sì ń gbé e bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ọmọ màlúù náà ti ń dàgbà ni agbára Milo ń pọ̀ sí i, títí ó fi di akọ màlúù ńlá, tí Milo sì ń gbé e rìn síbẹ̀.

Ìtàn yìí dùn, ọgbọ́n sì wà nínú rẹ̀. Ó ń kọ́ wa pé ẹrù tí kò wúwo ni a fi ń bẹ̀rẹ̀, àti pé díẹ̀díẹ̀ ni a ń fi kún un. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni tí ó mọ màlúù sìn. Ọmọ màlúù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí lè wọn 30 kìlógírámù. Kí ó tó pé ọdún 2, ó ti lè kọjá 300 kìlógírámù. Ẹ mélòó ni ẹ mọ̀ nínú ọkùnrin tí agbára rẹ̀ lè di ìlọ́po 10 láàárín ọdún 2? Kò sí. Màlúù ń yára dàgbà ju iṣan ènìyàn lọ. Nítorí náà ìdajì òtítọ́ ni ìtàn Milo: ọ̀nà tí ó fi hàn wá dára, ṣùgbọ́n ìrìn tí ó ní kí á rìn ti yá jù. Ẹ fi ọmọ màlúù yìí sọ́kàn, nítorí pé a óò tún padà bá a.

Ẹ jẹ́ kí á wá sí ayé ìsinsìnyí díẹ̀. Ní 1867, a bí ọmọkùnrin kan ní ìlú Königsberg, ní ilẹ̀ Prussia. Friedrich Wilhelm Müller ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Eugen Sandow ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Ó di olókìkí ní London ní 1889 nígbà tí ó borí alágbára kan tí ń pe ara rẹ̀ ní Sampson. Ní 1897, ó dá ilé ẹ̀kọ́ eré ìmárale sílẹ̀ ní London. Ní 1898, ó kéde nínú ìwé ìròyìn rẹ̀ pé òun yóò ṣe ìdíje fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn òun, kí a lè mọ ẹni tí ara rẹ̀ dára jù lọ.

Ẹ gbọ́ o: ọdún 3 kọjá kí ìdíje náà tó wáyé. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹsàn-án, 1901, ni àwọn ọkùnrin náà jáde sí gbangba nínú gbọ̀ngàn Royal Albert Hall. Sandow fúnra rẹ̀ jókòó láti ṣe ìdájọ́, pẹ̀lú Charles Lawes tí ó jẹ́ agbẹ́gilére ti òkúta, àti Arthur Conan Doyle tí ó kọ ìtàn Sherlock Holmes. Ọkùnrin kan láti Nottingham, William Murray, ni ó gba ipò kìíní. Kì í ṣe títóbi iṣan nìkan ni àwọn adájọ́ wò. Wọ́n wò bóyá gbogbo ara bára mu, bóyá awọ ara dán, àti bóyá ìlera wà. Àwọn tí ó dúró níwájú wọn lọ́jọ́ náà ti ní àyè ọdún 3 láti múra. Kò sí ẹni tí ó retí pé ọ̀sẹ̀ 3 yóò tó.

Ṣùgbọ́n owó wà nínú ìkánjú, àwọn oníṣòwò sì tètè mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọkùnrin ará Ítálì kan wà tí àwọn òbí rẹ̀ kó lọ sí New York, Angelo Siciliano ni orúkọ rẹ̀. Ní 1922, ó borí nínú ìdíje tí a fi ń wá ọkùnrin tí ara rẹ̀ pé jù lọ ní Amẹ́ríkà. Ó yí orúkọ rẹ̀ padà sí Charles Atlas. Láti 1929, òun àti Charles Roman bẹ̀rẹ̀ sí ta ẹ̀kọ́ eré ìmárale tí a ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ilé àwọn ènìyàn. Nínú ìpolówó wọn, ẹ óò rí ọmọkùnrin tín-ín-rín kan tí kò wọ̀n ju 44 kìlógírámù lọ, tí òmìrán kan bu iyanrìn lù lójú ní etí òkun, níṣojú ọmọbìnrin tí ó mú lọ. Ọmọkùnrin náà padà sílé, ó kọ́ ẹ̀kọ́ Atlas, ó sì padà wá gbẹ̀san. Nínú àwòrán, ìṣẹ́jú kan kò tó láti ka gbogbo rẹ̀ tán. Àwọn ìpolówó kan tilẹ̀ ń ṣèlérí pé ọjọ́ 7 ti tó láti rí ẹ̀rí.

Eré ìmárale tí Atlas ń kọ́ni kò burú, ó ṣe ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin lóore. Ohun tí kò dára ni ohun tí àwòrán náà gbìn sí ọkàn àwọn ọmọdé: pé ìtìjú oṣù yìí lè parí kí oṣù yìí tó parí.

Ẹni tí ó mú ọ̀rọ̀ yìí kúrò lọ́wọ́ oníṣòwò, tí ó fi lé ọwọ́ oníṣègùn, ni Thomas DeLorme. Ní ìgbà èwe rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Alabama, àìsàn dá a dùbúlẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, irin gbígbé ni ó sì fi dá agbára rẹ̀ padà. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ lọ́wọ́, ó di dókítà ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọ ogun tí à ń pè ní Gardiner, ní Chicago. Àwọn ọmọ ogun tí orúnkún wọn ti bàjẹ́ kún ibẹ̀. Ní ayé ìgbà náà, ẹrù fífúyẹ́ ni a ń fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ kí ó máa gbé e lọ́pọ̀ ìgbà, ìwòsàn sì ń falẹ̀. DeLorme so bàtà irin mọ́ ẹsẹ̀ wọn, ó ní kí wọ́n gbé ohun tí ó wúwo gan-an, ó sì ń fi kún un bí agbára wọn ti ń pọ̀. Ní 1945, ó kọ àbájáde iṣẹ́ náà sí ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn egungun.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ń ní kí aláìsàn gbé ẹrù náà ní ìgbà 70 sí 100. Nígbà tí ó di 1948, òun àti Arthur Watkins ti rí i pé ìyẹn pọ̀ jù. Wọ́n dín in kù sí ìpele 3, ìgbà 10 ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá ẹrù tí ẹ lè gbé ní ìgbà 10 péré, tí ẹ kò lè gbé ní ìgbà 11. Ẹ kọ́kọ́ gbé ìdajì rẹ̀ ní ìgbà 10, lẹ́yìn náà ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ ní ìgbà 10, kí ẹ tó wá gbé odindi rẹ̀ ní ìgbà 10. Ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ tún ẹrù náà wọ̀n, kí ẹ mọ̀ bóyá ó yẹ láti fi díẹ̀ kún un. Ẹ ò rí i pé ọmọ màlúù Milo ni èyí? Ṣùgbọ́n DeLorme kò jẹ́ kí màlúù náà máa dàgbà bí ó ti wù ú. Ó dúró de ènìyàn.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á padà sọ́dọ̀ ọmọkùnrin wa tí ó gbé irin fún ọ̀sẹ̀ 2 tí kò sì sanra. Ní 1979, Toshio Moritani àti Herbert deVries ṣe ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà. Ọ̀sẹ̀ 8 ni wọ́n fi jẹ́ kí àwọn ènìyàn máa fi apá kan ṣoṣo gbé irin, apá kejì kò ṣe ohunkóhun. Agbára apá tí ń ṣiṣẹ́ pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ohun ìyanu ni pé agbára apá kejì náà pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni iṣan rẹ̀ kò sì tóbi rárá. Báwo ni ó ṣe lè rí bẹ́ẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀wẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀. Bí àgbẹ̀ kan bá pe 20 ènìyàn sí ọ̀wẹ̀ ní oko rẹ̀, tí ó sì jẹ́ pé 12 péré ni ó jáde, iṣẹ́ náà yóò falẹ̀. Bí ó bá ń pè wọ́n léraléra, tí wọ́n mọ ọ̀nà oko rẹ̀, tí wọ́n mọ àkókò tí iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀, gbogbo 20 yóò máa jáde. Iṣẹ́ yóò yá, bẹ́ẹ̀ ni a kò bí ẹnikẹ́ni kún wọn. Ọpọlọ wa ni àgbẹ̀ yẹn, àwọn fọ́nrán iṣan ni a pè sí ọ̀wẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ 3 sí 5 àkọ́kọ́, ọpọlọ ń kọ́ bí yóò ti pe gbogbo iṣan jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn èyí ni títóbi iṣan gan-an wá ń gba iwájú. Nítorí náà, ẹni tí ó gbé irin fún ọ̀sẹ̀ 2 tí ẹrù àná ti rọrùn fún un lónìí kò ṣe iṣẹ́ lásán, bí òṣùwọ̀n kò tilẹ̀ sọ ohun kan.

Òṣùwọ̀n tilẹ̀ lè purọ́ ní ọ̀nà kejì. Bí ẹni tín-ín-rín bá bẹ̀rẹ̀ sí jẹun dáadáa, iṣan rẹ̀ yóò kó agbára inú iyán àti ẹ̀bà pamọ́, gíráàmù kọ̀ọ̀kan irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ sì ń mú omi nǹkan bí gíráàmù 3 lọ́wọ́ wọlé. Ìwọ̀n rẹ̀ lè fi kìlógírámù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sókè láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí inú rẹ̀ sì máa dùn. Omi ni, kì í ṣe iṣan.

Èló wá ni iṣan gan-an? Ní 1996, Shalender Bhasin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde. Ọkùnrin 43 tí wọ́n ti gbé irin rí ni wọ́n kó jọ, ọ̀sẹ̀ 10 ni wọ́n sì fi tọ́jú wọn. Àwọn tí ó gbé irin láìgba oògùn kankan fi nǹkan bí 2 kìlógírámù kún ara wọn láìka ọ̀rá mọ́ ọn. Àwọn tí ó gba abẹ́rẹ́ họ́mónù ọkùnrin, tí à ń pè ní testosterone, tí wọn kò gbé irin rárá, fi kìlógírámù 3 lé díẹ̀ kún un. Àwọn tí ó ṣe méjèèjì fi nǹkan bí 6 kún un.

Èmi kò ní purọ́ fún yín pé oògùn náà kì í ṣiṣẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́, ohun tí ó sì mú kí ó léwu nìyẹn. Láti 1958 ni oníṣẹ́gi oògùn kan ní Switzerland ti gbé irú rẹ̀ tí a ń gbé mì sí ọjà, kò sì pẹ́ tí àwọn agbérin Amẹ́ríkà fi ń lò ó. Nígbà tí ó di 1976, ní ìdíje Olympics ti Montreal, a bẹ̀rẹ̀ sí yẹ ìtọ̀ àwọn eléré wò láti wá a rí. Ó lè ba ẹ̀dọ̀ àti ọkàn jẹ́, ó lè mú kí nǹkan ọmọkùnrin má ṣiṣẹ́ mọ́, ó sì lè dá gíga ọmọdé dúró kí ó tó ga tó bí ó ti yẹ. Nítorí náà, bí ẹ bá rí àwòrán ọkùnrin kan tí iṣan rẹ̀ wú bí òkè, tí ó ní oṣù 2 péré ni òun fi ṣe é, ẹ má ṣe fi ara yín wé e. Ẹ kò mọ ohun tí ó gbé mì.

Òmíràn sì wà tí ìtàn rẹ̀ lè ṣini lọ́nà. Ní 1973, ní ìpínlẹ̀ Colorado, Arthur Jones kéde pé ọmọkùnrin kan, Casey Viator, ti fi iṣan tí ó ju 28 kìlógírámù lọ kún ara rẹ̀ láàárín ọjọ́ 28. Ènìyàn ṣe háà! Ṣùgbọ́n Viator kì í ṣe ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ní 1971 ni ó ti gba oyè Mr. America. Lẹ́yìn náà ni ó fara pa lọ́wọ́, abẹ́rẹ́ tí wọ́n fún un sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á, ara rẹ̀ sì joro. Ohun tí ó ti ní rí ni ó ń gbà padà. Ilé tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti wà nílẹ̀ kò ní pẹ́ bí ilé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wá kó gbogbo rẹ̀ jọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí ó ń gbé irin lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, tí ó ń jẹun, tí ó sì ń sùn, lè retí nǹkan bí kìlógírámù iṣan kan lóṣù ní oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́. Ti ẹlòmíràn kò ní tó bẹ́ẹ̀. Ti obìnrin a máa kéré sí i, nítorí pé ara rẹ̀ kéré sí ti ọkùnrin lápapọ̀. Bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, ohun tí ń wọlé yóò máa dín kù. Bí ìwọ̀n yín bá ń fò sókè ní ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta ìyẹn lóṣù, ọ̀rá àti omi ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ní ti oúnjẹ, ní 2018 àwọn onímọ̀ kan kó ìwádìí 49 jọ, wọ́n sì rí i pé gíráàmù 1.6 oúnjẹ amúaradàgbà lójúmọ́, fún kìlógírámù ara kọ̀ọ̀kan, ti tó fún agbérin. Ẹni tí ó wọn 60 kìlógírámù kò nílò ju nǹkan bí gíráàmù 96 lọ. Ẹyin kan ní bíi 6 nínú. Ẹ̀wà gbígbẹ gíráàmù 100 ní nǹkan bí 23. Ẹ fi ẹja, ẹran, wàrà àti mọ́ínmọ́ín kún un, ẹ óò rí i pé ọjà wa ti tó, a kò nílò agolo olówó iyebíye.

Ẹ̀yin òbí, ẹ dákun, ẹ ṣọ́ra fún oògùn tí wọ́n ń tà pé ó ń mú ọmọ sanra. Dexamethasone tí àwọn kan ń lò bẹ́ẹ̀ a máa wú ojú, a máa gbé ẹ̀jẹ̀ ríru wá, a sì máa jẹ iṣan gan-an run. Ọmọ náà yóò dà bí ẹni tí ó sanra, nígbà tí agbára ń fi í sílẹ̀.

Ẹ má sì ṣe rò pé ẹni tí ó tóbi nìkan ni ó lágbára. Ní 2022, ní ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè Commonwealth ní Birmingham, ọmọbìnrin Nàìjíríà kan, Rafiatu Fọláṣadé Lawal, gba wúrà ní ìpele àwọn tí kò wọ̀n ju 59 kìlógírámù lọ. Ó gbé 116 kìlógírámù sókè ju orí rẹ̀ lọ. Bí ó bá kọjá lára yín lọ́jà, ẹ lè má wẹ̀yìn wò ó. Ẹrù tí ó gbé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ara rẹ̀.

Nítorí náà, ìwọ ọmọ mi tí wọ́n ń pè ní igi ìṣáná, wá olùkọ́ tí yóò máa wò ọ́ bí o ti ń gbé irin. Ra ìwé kékeré kan. Kọ ẹrù tí o gbé lónìí sí i, àti iye ìgbà tí o gbé e. Gun òṣùwọ̀n lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ní àárọ̀, kí o tó jẹun. Fi okùn aránṣọ wọn apá rẹ lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Lẹ́yìn oṣù 3, ṣí ìwé náà sí ojú ewé kìíní, kí o wo ẹrù tí ó ń dà ọ́ láàmú nígbà náà.

Àgbẹ̀ kì í gbin iṣu lónìí kí ó máa hú ilẹ̀ wò lọ́la. Ìtàkùn ni yóò kọ́kọ́ gun igi, kí iṣu tó ta nínú ebè níbi tí ojú kò tó. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Jẹ́ kí màlúù rẹ máa dàgbà ní ìwọ̀n tí èjìká rẹ lè gbà.